Ohun Tí Mo Rí Lẹ́bàá Èékánná Àbẹ̀kẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ẹni à ń pọ̀n, àmọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ wà nígbà tí wọ́n ti Ọ̀yọ́ wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń ṣe dókítà àwọn ọmọdé.

"Dókítà, ẹ gbà mí," ni ìyá náà wí. "Wọ́n ní lápálápá ni. A fi oògùn pa á títí, kò lọ. Ní báyìí, kò lè dá dìde nílẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń ṣe é."

Ìpéǹpéjú ọmọ náà wú, ó pọ́n. Oríkèé ìka rẹ̀ ń ṣí ìpẹ́. Mo ní kó gbé apá sókè bí ẹni tó fẹ́ dirun. Apá náà já wálẹ̀.

Mo kán òróró sí ẹ̀bá èékánná rẹ̀, mo fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè rí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù lọ. Lára ọmọ tó lera, wọ́n máa ń tò bí eyín òòyà. Ti Àbẹ̀kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wú, àwọn kan lọ́ mọ́ra, ibòmíràn sì ṣófo. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni: àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó gbèjà ọmọ ló ń bá awọ, iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jà.

Mo ní kí ìyá náà wá wò ó. Ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́.

"Kì í wá ṣe ayé?"

"Àìsàn ni, mà. Ó sì ní ìtọ́jú."

Àyẹ̀wò jẹ́rìí sí i, a sì bẹ̀rẹ̀ oògùn. Oògùn náà mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àbẹ̀kẹ́ wú bí búrẹ́dì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá ní òun ò lò ó mọ́.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú á lọ sílẹ̀," mo sọ fún un. "Ẹsẹ̀ rẹ la fẹ́ gbà padà."

Ó ronú díẹ̀, ó sì la ẹnu gba oògùn náà.

Oṣù ń gorí oṣù. Lọ́jọ́ kan, mo tún fi awò wo ẹ̀bá èékánná rẹ̀: òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun ti ń hù síbi tó ṣófo! Mo kígbe débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ṣe mí ni.

Nígbà ọlidé tó kọjá, mo gbọ́ ariwo lórí àtẹ̀gùn.

"Rọra, ìwọ ọmọ yìí! Dúró dè mí!"

Ìyá rẹ̀ ṣì ń mí hẹlẹ nísàlẹ̀ nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ já wọ yàrá mi. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ó sì dìde, láìdi ohunkóhun mú.