Ìka Ìyá Ẹ-káàárọ̀

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí nígbà tí àìsàn kan gba ojú rẹ̀ méjèèjì. Láti ìgbà náà ni ìka ọwọ́ rẹ̀ ti di ojú rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi jókòó sídìí fóònù ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Bí ẹnikẹ́ni bá pè láti ìta, òun ni yóò kí i, òun ni yóò bi í pé ta ló ń fẹ́, òun náà ni yóò tẹ nọ́ńbà yàrá tí ẹni náà wà. Àwọn nọ́ńbà náà wà nínú ìwé kan tó nípọn, tí àmì wínníwínní yọ gọngọ lójú rẹ̀, irú èyí tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà. Ọwọ́ òsì a wà lórí ìwé, ọwọ́ ọ̀tún a máa tẹ fóònù. Ìyá Ẹ-káàárọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, torí ohùn rẹ̀ ni ayé kọ́kọ́ ń gbọ́ níbẹ̀ láàárọ̀.

Nígbà tí jẹjẹrẹ mú un lọ́mú òsì, ó gba gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ó gbà. Wọ́n gé ọmú náà. Wọ́n fa oògùn sí i níṣan lẹ́ẹ̀mẹ́fà, wọ́n sì fi ìtànṣán jó àyà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé irun rẹ̀ yóò re, ẹnu rẹ̀ yóò bó, àárẹ̀ yóò mú un. Ó wá fi kún un, bí ẹni tó ti ń ti ilẹ̀kùn, pé ìka lè kú díẹ̀. Irun re, ó tún hù. Ẹnu bó, ó san. Ìka kú, kò jí. Bí ó bá gbé e lé ìwé, àfi bí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ onírun: ó mọ̀ pé ìwé wà níbẹ̀, kò mọ ohun tí ìwé ń sọ. Dókítà ní kí ó fara balẹ̀, pé ó lè padà bó bá di ọdún kan, ó sì lè máà padà, ṣebí ó ṣì lè di ife mú. Obìnrin náà fọ́jú lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí ẹni tó bá a kẹ́dùn.

Ó padà síbi iṣẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Orí rẹ̀ ló gbójú lé, torí ọ̀pọ̀ nọ́ńbà náà ti wọ̀ ọ́ lára. Àmọ́ oògùn kò fi orí náà sílẹ̀. Ó ń jò bí àpò tó lu. Àárẹ̀ tó sì ń mú un kì í ṣe èyí tí oorun ń wò. Yóò sùn wọra, yóò jí bí ẹni tó ru ẹrù sùn. Bó bá di ọ̀sán, apá òsì á ti wú, ọ̀rọ̀ á máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó òṣìṣẹ́ kan pè pé ọmọ àwọn dákú. Ìyá Ẹ-káàárọ̀ tẹ nọ́ńbà kan fún un. Yàrá ẹrù tí wọ́n ti tì pa ni. Fóònù dún níbẹ̀ títí ó fi sú obìnrin náà. Ọmọ yè, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wá dúró níwájú tábìlì, kò pariwo.

Ó ní, “Ìyá, ẹ kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀.”

Ì bá sàn kó bú u.

Ọ̀gá ọ́fíìsì, obìnrin kan tó tó ọmọ tó lè bí, pè é. Ó ní wọ́n ń pààrọ̀ yàrá, gbogbo nọ́ńbà ló máa yí padà. Ìwé tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Bó bá di ọjọ́ Ajé, kí ó wá kà á sí òun létí. Bí kò bá lè kà á, wọn yóò fi ẹlòmíràn síbẹ̀.

Ó gbé ìwé náà lọ sílé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ń pe nọ́ńbà fún un láti orí bébà àwọn tó ríran tó bá ìwé náà wá, kí ó lè kọ́ ọ sórí. Méjìlá wọlé, mẹ́sàn-án jáde. Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, àárẹ̀ gbé e ṣubú lórí tábìlì, ó dojú bo ìwé, ó sùn. Bó ṣe jí, kò tíì gbé orí sókè tí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi kan nǹkan. Ètè tí egbò ti bó láwọ̀ náà ti wá tinrin bí ti ọmọ ọwọ́. Ó rọra fà á lọ. Mẹ́rin ni. Ó tún fà á. Méje.

Bí àbúrò rẹ̀ ṣe bá a nìyẹn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé lẹ wá ń fẹnu kò lẹ́nu báyìí? Mi ò rò pé ọkọ yín rí irú rẹ̀ gbà kó tó kú.”

“Panu mọ́, jẹ́ n kàwé.”

Lọ́jọ́ Ajé, ó tẹ orí ba níwájú ọ̀gá bí ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹ bébà. Ojú tì í dé ẹsẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ṣi ẹyọ kan. Ọ̀gá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Ìyá, ìka yín ńkọ́?”

“Ó ti kú. Ó ti pé oṣù márùn-ún.”

“Ẹ ò sọ fún wa.”

“Mi ò sọ.”

“Ṣé ẹ lè máa kà á báyìí títí di agogo márùn-ún?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ fóònù tó ń dún nínú yàrá tí kò sí ènìyàn.

Ó ní, “Rárá. Bí ọ̀sán bá ti kanrí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ara mi mọ́.”

Wọ́n fi àárọ̀ sílẹ̀ fún un. Wọ́n fi ọmọbìnrin kan tó ríran sí ọ̀sán. Bí agogo méjìlá bá lù, Ìyá Ẹ-káàárọ̀ a nu itọ́ kúrò lójú ìwé, a fọwọ́ ra ògiri lọ sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tíì lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí tí yóò máa gbọ́ ohùn ẹni tó ń kí ayé ní ẹ káàsán. A máa tẹ́tí bóyá ọmọ náà yóò ṣi nọ́ńbà kan.

Kì í ṣì í.