Gọ́tà Tí Wọ́n Gbẹ́ Síwájú Ilé Mi Ní Aboabo

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Aboabo, ní Kumasi, nílẹ̀ Ghana, kí fóònù alágbèéká tó gbòde. Tí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì ni mo fi ń rìn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú ẹsẹ̀ mi láti kékeré. Kò dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, kò sì dí mi lọ́wọ́ ọkọ níní o! Ọkọ̀ ẹrù ni ọkọ mi ń wà lọ sí Tamale, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan, àwọn ará àdúgbò jáde wá gbẹ́ gọ́tà kí òjò tó dé. Mo ń gbọ́ ṣọ́bìrì wọn láti inú yàrá, inú mi ń dùn. Àṣé wọ́n ti yọ pákó tí mo fi ń kọjá lórí gọ́tà àtijọ́! Gọ́tà wá jìn, ó sì fẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá á fò ó. Èmi ńkọ́?

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ara Rafiu, ọmọ mi ọlọ́dún kan, gbóná fòò. Ojú rẹ̀ yí, ó ń gbọ̀n. Gìrì! Mo pọ̀n ọ́n, mo tiro débi gọ́tà, mo dúró. Mo na ọ̀pá, kò dé òdìkejì. Ṣé kí n fò? Tí mo bá já sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ńkọ́? Àwọn ọkùnrin sì ti lọ kírun Alásárì.

Mo figbe ta. Hauwa tó ń ta kóósé, àkàrà àwọn ará ibẹ̀, ní òdìkejì sáré dé.

"Sikira, fa no ma me! Gbé e fún mi!"

Mo jókòó sétí gọ́tà, mo tú ọ̀já, mo na ọmọ sí i. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú gọ́tà, ó gbà á, ó gòkè padà, ó kó sínú tasí, ó di ọsibítù.

Ṣé ẹ ti rí i rí kí ẹlòmíì gbé ọmọ yín lọ, kí ẹ má lè tẹ̀ lé e? Mi ò mọ̀ bóyá ó ń mí. Tí wọ́n bá bi Hauwa pé ìgbà wo ni ibà náà bẹ̀rẹ̀, kí ló máa sọ? Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹkún kò jáde.

Baba Alhaji, àgbà àwa Yorùbá àdúgbò náà, ló kọ́kọ́ dé láti mọ́ṣáláṣí. Ó ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá òun gan-an, wọ́n tẹ́ ẹ sórí gọ́tà, mo kọjá. Nígbà tí mo fi dé ọsibítù, Rafiu ti gba abẹ́rẹ́, ó ń sùn. Ìgbà yẹn ni ẹkún wá dé. Alhamdulillahi!

Nígbà tí mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba, ṣe ló bá mi wí. Ó ní ìpàdé la ti jọ fẹnu kò lórí gọ́tà, kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ pákó níbẹ̀? Ẹ gbọ́ mi o!

Mo ní, "Baba, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ti ń ṣèpàdé. Àbí kí wọ́n máa gbé mi gòkè bí àpò ìrẹsì?"

 Baba ní, "Wallahi, ọmọ mi, a ò rò ó."

Mo gbà á gbọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Mo ní kọnkéré ni mo fẹ́ lórí gọ́tà, kó fẹ̀, kó má ṣeé yọ, wọ́n sì gbà. Kí n tó jókòó, Ìyá Mẹ́múnà, aládùúgbò wa tí gbogbo wa rò pé ìpàdé ti sú, sọ pé orúnkún ni kò jẹ́ kí òun gòkè látọjọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó bi í rí!

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kí ẹ tó gbẹ́ gọ́tà, kí ẹ tó kọ́ mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ẹ̀kọ́, ẹ pe àwa tí a máa gbabẹ̀ kọjá, ibi tí a lè dé ni kí ẹ sì pè wá sí.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín. Ta ló wà ní àdúgbò yín tí ẹ rò pé ilé ló kàn fẹ́ràn láti máa jókòó sí?