Bàbá Gééjì àti Afẹ́fẹ́ Ogójì

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Jonah Fọláránmi ní Ìlọ́fà, ìtàn ọjọ́ tí ó ní kí ẹgbẹ́ akọrin gun orí ìwọ̀n kòkó ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ìdúpẹ́ ìkórè ni wọ́n ń lọ bá àwọn ará Òkè-Òpin ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi náà. Bọ́ọ̀sì ìjọ ti bàjẹ́, wọ́n sì bẹ Bàbá Jonah pé kí ó fi píkáàpù rẹ̀ gbé àwọn akọrin lọ. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè mọ iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kí òun fi sí táyà láìmọ bí ohun tí ọkọ̀ yóò rù ṣe wúwo tó. Ó ti yá ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò kòkó, ó sì gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọkùnrin gun un láìjanpata. Nígbà tí ó kan Màmá Ṣubúọlá, olórí àwọn obìnrin akọrin, ó ní kàkà kí òun gun orí ohun tí wọ́n fi ń wọn kòkó níwájú àlùfáà, òun yóò fẹsẹ̀ rìn dé Òkè-Òpin.

"Màmá," ni Bàbá wí, "mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Táyà nìkan ni màá sọ fún."

Màmá kò gun ìwọ̀n. Lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn, Bàbá fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀, ó sì fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ kún táyà tó wà lápá ibi tí Màmá jókòó sí, lójú gbogbo ìjọ. Nígbà tí wọ́n dé Òkè-Òpin, àwọn ará ibẹ̀ ti dìde dúró, wọ́n ń ka oore-ọ̀fẹ́ láti parí ìsìn.

Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn ni Bàbá ní Ìlọrin kí ó tó fẹ̀yìntì wá sílé. Keziah ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, Fẹ́yìsayọ̀, Ìyìnolúwa àti Fikáyọ̀, wà ní Àbújá àti Èkó pẹ̀lú àwọn ọmọ tiwọn. Òun nìkan ló ń gbé inú ilé ńlá tí ó kọ́ nítorí wọn. Píkáàpù aláwọ̀ búlúù kan ló wà níwájú ilé náà, ìwé pélébé kan sì wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, èyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ó wí kò ju pé kí afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn jẹ́ ọgbọ̀n bí ọkọ̀ bá ṣófo, kí ó jẹ́ ogójì bí ó bá kún. Bàbá gba ìwé yìí gbọ́ bí àwọn mìíràn ṣe ń gba ìwé mímọ́ gbọ́. Ó ra gééjì tirẹ̀ tí yóò máa fi wọn afẹ́fẹ́ táyà, ó ń fi áńkáṣíìfù wé e, ó sì ń gbé e sínú àpò agbádá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Gééjì nìyẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń kó ìyọnu bá jù lọ ni Kàbírù, tó ń ṣe iṣẹ́ táyà ní oríta.

"Bàbá, gbogbo píkáàpù tó ń gba ibí kọjá, ogójì ni wọ́n ń lò. Ẹrù wà, ẹrù ò sí."

"Abájọ tí ìbàdí fi ń ro wọ́n," ni Bàbá dáhùn.

Yàtọ̀ sí èyí, Bàbá ní táyà gbọ́dọ̀ tutù kí a tó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ti wa ọkọ̀ dé ìsọ̀ Kàbírù láàárọ̀, yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, yóò ní àwọn ń dúró de táyà. Nígbà tí wọ́n bá ń dúró, yóò sọ ìtàn Ìlọrin, yóò béèrè àlàáfíà ìyá Kàbírù, yóò wádìí bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe nílé ẹ̀kọ́. Oòrùn yóò ti dé àtàrí kí ó tó gbà pé táyà ti tutù. Ilé Bàbá wà ní òdìkejì ọ̀nà, bí ènìyàn bá sì pè é láti ìsọ̀, yóò jẹ́. Táyà náà kò rí àyè gbóná rí.

Kàbírù mọ̀. Òun náà ló ń nu bẹ́ǹṣì náà sílẹ̀ láràárọ̀.

Nígbà kan, ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní Òbó-Ayégúnlẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bàbá lọ kí i. Ó jókòó pẹ́, ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà ó na ìka, ó tẹ ẹsẹ̀ náà jẹ́jẹ́, ó sì mi orí. Ó ní ogójì ti wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ òun kò ru ẹrù kankan. Ìyàwó aláìsàn náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún Kérésì ni ìlú fi ń mọ Bàbá dáadáa. Bí ọyẹ́ bá ti dé, yóò wa ọkọ̀ wá sí ìsọ̀, ojú rẹ̀ yóò máa dán.

"Kàbírù, fi ogójì sí i."

"Ẹrù wo la fẹ́ gbé, Bàbá?"

"Àwọn ọmọ mi. Wọ́n ń bọ̀ ulé."

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mọ́ ọn báyìí, èdè ìlú ló ń sọ, ilé a sì di ulé lẹ́nu rẹ̀. Yóò kó àga àti ẹní sẹ́yìn ọkọ̀, yóò wà á lọ sí gáréèjì Òsí láti pàdé wọn. Yóò dúró. Fóònù yóò dún. Fẹ́yìsayọ̀ yóò ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí àwọn ráàyè, kí Bàbá má bínú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá yóò ra búrẹ́dì, yóò sì yíjú ọkọ̀ padà.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ogójì sí tí kò ru nǹkan kan kì í dákẹ́ lójú ọ̀nà Òsí sí Ìlọ́fà. Yóò máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, àga yóò máa kọlu ara wọn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yóò máa dún gbàgà-gbàgà. Kí Bàbá tó yọ ní oríta ni gbogbo àdúgbò ti ń gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó nílò láti béèrè bóyá àwọn ọmọ wá.

"Bàbá, ṣé kí n dín in kù?" ni Kàbírù bi í ní Kérésì tó kẹ́yìn.

"Fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀la ni wọn yóò wá."

Ọ̀la kọjá, ọdún tuntun wọlé, Bàbá sì ń fò kiri ìlú lórí ogójì. Fìlà rẹ̀ bọ́ sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Kàbírù tún bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ náà wá sí ìsọ̀ jẹ́jẹ́, láìdún rárá. Kàbírù yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí òkúta ńláńlá mẹ́ta tí Bàbá ní kí wọ́n bá òun gbé láti ẹsẹ̀ òkè.

"Bàbá, kí ni gbogbo èyí?"

"Àwọn ọmọ mi ni." Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Eléyìí ni Fẹ́yìsayọ̀. Ìyìnolúwa nìyẹn. Èyí tó kéré jù ni Fikáyọ̀."

Kàbírù wo òkúta àkọ́kọ́ dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n Fẹ́yìsayọ̀ tí mo mọ̀ ò sanra tó báyìí."

"Ó ti bímọ mẹ́ta láti ìgbà tí o ti rí i. Bọ̀wọ̀ fún abiyamọ."

Bàbá kò gbé òkúta náà kúrò mọ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí àga níwájú ilé, kò sì jí.

Gbogbo ọmọ rẹ̀ wá. Wọ́n wá pẹ̀lú ọkọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ, nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ilé ńlá náà sì kún débi pé àwọn kan sùn ní pálọ̀. Ní àárọ̀ ìsìnkú, Kàbírù rọra bá Fẹ́yìsayọ̀ níwájú ilé, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gun píkáàpù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fẹ́yìsayọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ tó.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀," ni Kàbírù wí. "Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yín ló wà nínú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá."

Fẹ́yìsayọ̀ béèrè ohun tí ó ń wí. Kàbírù pe àwọn ọkùnrin méjì, wọ́n sọ àwọn òkúta náà kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń dárúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń balẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí bí tirẹ̀ ṣe tóbi tó. Ó rín in títí, ó sì wá jókòó lé òkúta náà, ó bo ojú rẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó ní kí àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n wà.

Kàbírù yọ gééjì Bàbá nínú áńkáṣíìfù. Táyà náà tutù dáadáa. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín díẹ̀, ó sì fi kún un títí ó fi pé ogójì. Àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ gun ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n fún ara wọn mọ́ra, Fẹ́yìsayọ̀ sì wà á.

Àwọn ará àdúgbò dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń retí ariwo tí wọ́n mọ̀. Píkáàpù náà kọjá ìsọ̀, ó kọjá bẹ́ǹṣì abẹ́ igi máńgòrò, ó gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò dún rárá.