Èèkàn Méjì Létí Odò Ìgbín

Mo fi ayùn àti òòlù tí mo fi jẹun fún ogójì ọdún búra: gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ nípa Ọdẹkúnlé bíríkìlà, òtítọ́ ni. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ayùn gé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tí ẹ ń fi ojú bá ara yín sọ̀rọ̀ yẹn, mo rí yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ tèmi.

Ayétòrò la ti bí Ọdẹkúnlé, ibẹ̀ náà la ti bí èmi, nígbà tí Ẹ̀gbádò ṣì ni orúkọ gbogbo wa. Òun ló ń mọ ilé, èmi ni mo ń kan òrùlé rẹ̀. Túnbọ̀sún ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n “Káfíńtà” ló ń pè mí, èmi náà ń pè é ní “Bíríkìlà”, bí ẹni pé kò sí òmíràn nílùú. Ojú òsì rẹ̀ ni léfẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Yóò di ojú ọ̀tún, yóò wo ògiri, yóò ní, “Ó fi hóró ìrẹsì kan tẹ̀.” Ẹ wọ̀n ọ́n wò, hóró ìrẹsì kan náà ni. Lọ́jọ́ kan, ó dúró ní Ayétòrò, ó ní òpó wáyà kan ní Ìlaró ti wọ́. Wọ́n lọ wò ó, ó ti wọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé ni kí ó kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù fún ìyá rẹ̀, Màmá Málọmọ́, kí ìyá tó kú. Ilé alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ létí odò Ìgbín ti ń wó díẹ̀díẹ̀. Ìgbín la ń pe odò náà nítorí bó ṣe ń rọra lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ ń fò ó kọjá láì ti ẹsẹ̀ bọ omi. Bàbá rẹ̀ sì wà nínú ilé náà. Inú ilé la ń sin àgbà sí nílẹ̀ wa. Yàrá ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí odò, ni wọ́n sin ín sí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ojú rẹ̀. Ojú Màmá ti fọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n láràárọ̀ á tọ ògiri lọ síbẹ̀, á kúnlẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan sìmẹ́ńtì náà, á ní, “Bàbá Ọdẹ, ẹ kú àárọ̀ o.” Ìgbà náà ni yóò tó mu ẹ̀kọ.

Ní ọdún 1978, owó tó, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Ọmọ́délé wá láti Ìlaró lórí alùpùpù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìjọba rán láti máa yẹ ilẹ̀ wò kí ènìyàn tó kọ́lé. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ débi pé ó lè fi etí rẹ̀ gé iṣu. Òfin méjì ló kà fún wa. Láti bèbè odò dé ògiri, kò gbọdọ̀ dín ní àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Ilẹ̀ inú ilé sì gbọ́dọ̀ fi búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ga ju ilẹ̀ ìta lọ, nítorí omi. Ó na téèpù, ó gbá èèkàn méjì mọ́lẹ̀, ó kun orí wọn ní ọ̀dà pupa. Okùn tó so láàárín wọn fi yàrá bàbá sí apá odò.

Ọdẹkúnlé wo okùn náà pẹ́. Ó ní, “Ọ̀gá, bàbá mi wà lápá ibẹ̀ yẹn.”

“Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé?”

“Ibẹ̀ ni wọ́n sùn sí.”

Ó yé Ọmọ́délé. Ó ṣí fìlà lórí. “Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níta. Ẹ tún sìmẹ́ńtì wọn ṣe, ẹ fi ọgbà yí wọn ká, ẹ má sì gé oparun tó wà ní bèbè yẹn. Oparun ni yóò di ilẹ̀ mú fún wọn.”

Láti inú ilé ni ohùn Màmá ti jáde. “Ta ló ní kí ọkọ mi máa sùn níta?”

Ọmọ́délé dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò lè rí i, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Ọdẹkúnlé ní òfin ni òfin, òun yóò tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn lọ wá yanrìn. Màmá kò mu ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà. Mo yọjú sí yàrá ẹ̀yìn, mo rí i níbi tó kúnlẹ̀ sí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nílẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọgbọ́n burúkú kì í sì í jìnnà sí mi. Mo fa èèkàn méjèèjì tu, mo fi ìṣísẹ̀ mẹ́fà sún wọn sí apá odò, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ihò àtijọ́ pa. Mo ń súfèé lọ sílé.

Ọdẹkúnlé dé lọ́jọ́ kẹta. Ó di ojú ọ̀tún.

“Káfíńtà, ṣé èèkàn máa ń rìn?”

“Nílùú tí odò ti ń rìn bí ìgbín, kí ni kò lè rìn?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí èèyàn ì bá fi jẹ àgbàdo sísun mẹ́ta tán. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Màmá ti jẹun?”

“Láti ìgbà tí o ti lọ, kò fẹnu kan nǹkan.”

Ó mú ọkọ́. Ó ní, “Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀,” kò sì parí rẹ̀. A wó ilé alámọ̀ náà, ibi èèkàn mi ló sì ti gbẹ́ ìpìlẹ̀. Nítorí pé ògiri ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, a gé oparun bèbè náà kúrò, odindi ọjọ́ kan la fi gé e.

Gbogbo yàrá ló fi búlọ́ọ̀kù mẹ́ta gbé ga, bí ìwé ṣe wí. Ó wá kan yàrá bàbá. Bí ó ṣe fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ pupa síbẹ̀, Màmá di agbada tí yẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀ mú.

“Ẹ ti bò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá gbé ilẹ̀ ga, kí ni ọwọ́ mi yóò máa kàn?”

Ọdẹkúnlé wò mí. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní, “Fi yàrá yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣe àtẹ̀gùn méjì tí yóò sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀. Yàrá kan nínú mẹ́fà, ta ló máa kà á?”

“Omi máa kà á,” ó ní. Síbẹ̀, ó ṣe é bí mo ṣe wí.

Nígbà tí Ọmọ́délé padà wá yẹ ilé wò, a ti ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Mo ní Màmá ń wẹ̀ níbẹ̀. Ó dúró, ó dúró.

“Màmá yìí mà ń wẹ̀ o.”

“Ìdọ̀tí àádọ́rin ọdún ni, Ọ̀gá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá wo ẹ̀yìnkùlé. “Odò yìí sì dà bí ẹni pé ó súnmọ́ ilé.”

“Odò ló ń súnmọ́, Ọ̀gá. Ilé wa ò kúrò lójú kan.”

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Kò lè já ilẹ̀kùn mọ́ ìyá arúgbó tó ń wẹ̀, kò sì fẹ́ pe àgbà ní òpùrọ́. Ó buwọ́ lu ìwé. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni Ọdẹkúnlé ń wò. Kò mọ irọ́ í pa, èmi ni mo bá a pa á.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Òjò tí mo ń wí yìí, adìẹ ń lúwẹ̀ẹ́ bí pẹ́pẹ́yẹ, ẹja ń wọ́ lójú títì. Ọjà-Ọ̀dàn ni a wà, èmi àti Ọdẹkúnlé, níbi tí a ti ń dúró kí òjò dá kí a lè kan páànù, nígbà tí awakọ̀ kan sọ pé odò wa ti dé ojú títì. Ọ̀sán la dé ilé. Yàrá márùn-ún gbẹ, ẹní kò tutù. Yàrá kẹfà ti gba omi bí ìkòkò.

Mẹ̀dínátù, aládùúgbò wọn, ti fa Màmá jáde. Aṣọ ìyá tutù dé àyà.

“Àtẹ̀gùn méjì péré ni,” Mẹ̀dínátù ní. “Ó lè gùn ún. Ó ní òun ò lè fi ọkọ òun sílẹ̀ nínú omi. Mo fi agbára gbé e ni.”

Ọdẹkúnlé di ojú ọ̀tún, ó wo ògiri ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ kúrò níbẹ̀.” Kò pẹ́, ògiri náà tẹ̀, bèbè sì bá a lọ, pẹ̀lú kùkùté oparun, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì bàbá, pẹ̀lú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

“Kí ló wó yẹn?” Màmá bèèrè.

“Ògiri ni, Màmá.”

“Ògiri nìkan?”

Ọdẹkúnlé gbé e pọ̀n, ó forí lé ilé mi.

Nígbà tí omi fà, Ọmọ́délé wá. Kò bá wa wí. Ó kàn rìn dé ẹ̀yìnkùlé Mẹ̀dínátù, níbi tí oparun ṣì wà. Bèbè ibẹ̀ kò ṣí ní ìka kan. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń wò. Bí a bá fi bàbá sílẹ̀ níta ni, ì bá wà.

Màmá kò wọ ilé náà mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló wà fún oṣù márùn-ún. Láràárọ̀ á na ọwọ́ kan ilẹ̀ yàrá mi, á gbọ́n ọn nù. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó tì í, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ èèkàn fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Túnbọ̀sún, ìwọ ọmọ yìí.” Òjò mìíràn kò bá a láyé.

Ọdẹkúnlé ṣì kọ́lé fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa pè é síbi omi tí kò ní fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lé àádọ́ta tí òfin wí. “Bíríkìlà Sún-Sẹ́yìn” ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó ń fi ilẹ̀ oníilẹ̀ ṣòfò, ọ̀pọ̀ sì gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Kò fìgbà kan dárúkọ mi nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ń pè mí síṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti gbá èèkàn tán, tó fẹ́ kúrò, á ní, “Káfíńtà, jẹ́ ká jọ lọ.” Mo máa ń dìde tẹ̀ lé e.

Ó ti lọ báyìí. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ bó ṣe rí, mo ti búra. Nǹkan kékeré kan ṣoṣo ni mo fi kún un, ẹ̀rín Màmá. Mo jókòó tì í lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ ni mo gbé fún un, mo dìde, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ èèkàn fún un títí tó fi kú.