Ìlà Gígùn Tí Ọ̀rẹ́ Mi Kọ

Ẹnu ọ̀rẹ́ mi kì í sinmi, kóòdù rẹ̀ náà kì í sinmi. Ní nǹkan bí ọdún 2006, a jọ háyà yàrá kan ní Mowe, a ń kọ pírógíráàmù tí yóò máa tẹ èsì ìdánwò fún ilé ìwé kan ní Ibafo. Tèmi, iṣẹ́ kan, ìlà kan, mo dúró mí. Òun so gbogbo rẹ̀ kọ́ra ní ìlà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá parí á gbé ọmọ tí à ń ṣírò èsì rẹ̀ lé èyí tó kàn lọ́wọ́, títí èsì yóò fi jáde. Yorùbá ló tún fi sọ wọ́n lórúkọ: mú ọmọ, gba máàkì rẹ̀, rò ó pọ̀, tẹ̀ ẹ́ jáde.

“Alàgbà, ìlà yín yìí ti gùn dé Asese o,” mo máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń já èrò sílẹ̀ ní gbogbo bọ́sítọ́ọ̀bù ńkọ́?” òun náà á dá mi lóhùn.

Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ibà la pè é. Ká tó mọ̀, a ti sin ín sí Ifo, nílé bàbá rẹ̀.

Nígbà tí táàmù parí, èsì kọ̀, kò jáde. Ìyá tó ni ilé ìwé náà pè mí.

“Ọmọ mi, wọ́n ti fi pírógíráàmù mìíràn lọ̀ mí. Bí èyí ò bá ṣiṣẹ́, màá yọ ọ́.”

Ọ̀rẹ́ mi kò bímọ, kò kọ́lé. Ohun tó fi sílẹ̀ nìyẹn. N kò lè wò ó kí wọ́n yọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà ní àṣìṣe wà nínú ìlà gígùn náà. Ibi tó ti já nínú rẹ̀, kò sọ. Mo bá ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bá olóògbé jà: “Ṣé o rí ayé ẹ?” Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìwé náà, tí kò ṣe ìdánwò, ló fà á. Iṣẹ́ tó ń gba máàkì kò rí nǹkan kan gbé fún èyí tó kàn. Mo ní láti máa béèrè láàárín wọn: ṣé ó wà? Bí ìbéèrè ṣe wọ àárín, ìlà náà kò ṣeé so padà mọ́.

Èsì jáde. Ìyá náà fa àga súnmọ́ mi.

“Ti ọ̀rẹ́ ẹ dà níbẹ̀? Jẹ́ n rí ọwọ́ ẹ̀.”

Mo fi àwọn orúkọ tó sọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn án. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì.

“Ṣé bó ṣe kọ ọ́ nìyí?”

“Rárá, mà. Bí èmi ṣe tò ó ni.”

Ó mú bírò.

“Ó kúkú ń ṣiṣẹ́,” ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í buwọ́ lu àwọn èsì náà.