Alága Ń Jowú Àbúrò Rẹ̀

Ọ̀nà méjì ni ọkùnrin yìí gbà jẹ́ alága. Àga ló ń kàn ṣòwò: àga ilé ìwé, tábìlì ìkọ̀wé, bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn ń jókòó lé nílé ìwòsàn. Òun náà ló sì ni ikọ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Ikọ̀ Káfíńtà. Bí èèyàn bá ké sí i ní Alága, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ń pè nínú méjèèjì, òun alára kì í sì í béèrè. Yóò kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lápá aṣọ, yóò sì dáhùn.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gùn gbọọrọ. Ẹ̀rọ tó ń la pákó wà ní ìparí lọ́hùn-ún, ariwo rẹ̀ sì ti ba etí òsì Alága jẹ́ díẹ̀. Àárín ni wọ́n ti ń fá igi tí wọ́n ń kàn án, ẹnu ọ̀nà níbí ni wọ́n ti ń fi fáníìṣì kùn ún. Bí àkókò ìsinmi ọ̀sán bá tó, àwọn òṣìṣẹ́ á bọ́ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to pákó sí, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni ikọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ogún ọdún, ó ti di ikọ̀ tó ń kópa ní ìpele kejì líìgì, ó ní pápá tirẹ̀, ó sì ní ìjókòó ẹgbẹ̀rún kan tí Alága fọwọ́ ara rẹ̀ kàn pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀.

Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù dénú egungun, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ọdún mẹ́ta ló fi ju àbúrò yìí lọ. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, Alága ni bàbá wọn ra bọ́ọ̀lù fún. Mẹkáníìkì ni bàbá náà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó kó lè wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Kò pẹ́ rárá tó fi jẹ́ pé àbúrò ló ń wò. Ọmọbìnrin náà á gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á yí i po, á tún dúró dè é pé kó wá gbà á padà. Lọ́jọ́ kan, bàbá náà sọ fún aládùúgbò kan pé, "Ọmọ yìí lójú bọ́ọ̀lù." Alága gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà yẹn. Ó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò ṣeré mọ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì jáde létí rẹ̀.

Àbúrò náà di olùkọ́ eré ìdárayá nílé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù lórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìwé náà. Mẹ́fà nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Alága ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Bí ikọ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, á wá jókòó ní ìlà kẹta pẹ̀lú ìwé pélébé kan, á máa kọ nǹkan sí i. Kò bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ìyẹn gan-an ló ń bí Alága nínú jù. Ká ní ó bèèrè ni, Alága ì bá ti ráyè sọ pé rárá.

Nígbà tí orúnkún kóòṣì àtijọ́ ò gbé e mọ́, tó sì fẹ̀yìn tì, balógun ikọ̀ wá bá Alága ní ọ́fíìsì. Ó ní àwọn agbábọ́ọ̀lù rán òun ni, pé bó bá lè ṣeé ṣe, Tíṣà làwọn ń fẹ́. Ìyàwó Alága náà sọ bẹ́ẹ̀ nílé. Alága ní ṣé wọ́n fẹ́ kí gbogbo líìgì máa fi òun rẹ́rìn-ín ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tó jìnnà, ó sì gba ọkùnrin kan wá.

Ìwé ẹ̀rí mẹ́ta ni ọkùnrin náà gbé wá, gbogbo wọn nínú férémù. Súùtì ló máa ń wọ̀ sórí pápá, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Onísúùtì. Alága pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síwájú àwọn àga tí fáníìṣì wọn ò tíì gbẹ, ó fi í hàn wọ́n, wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú oríire, kò sì sí àbòsí kankan lójú rẹ̀. Alága wá a títí, kò rí i. Inú rẹ̀ ò dùn sí i.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi dojú rú. Balógun ikọ̀ ti ń ṣọ́ ẹ̀yìn láti ọdún mẹ́jọ, Onísúùtì ní kó lọ máa gbá níwájú. Ó ní kí aṣọ́lé má gbá bọ́ọ̀lù jìnnà mọ́, kó máa rọra fún ẹni tó sún mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni alátakò já irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ gbà tó sì jù ú sáwọ̀n. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ó lè ní koríko pápá ló fà á, ó sì lè ní rẹfirí ni. Ìgbà kan wà tó ní lẹ́búlẹ́bú igi láti ṣọ́ọ̀bù ló ń dí àwọn agbábọ́ọ̀lù nímú. Nínú ìdíje mọ́kànlá, ẹyọ kan péré ni wọ́n borí, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì.

Dírẹ́bà Alága ló kọ́kọ́ sọ fún un pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ń lọ sílé Tíṣà nírọ̀lẹ́. Alága ní irọ́ ni. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, ó wa mọ́tò gba àdúgbò náà kọjá. Bàtà bọ́ọ̀lù tò sẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀. Ó ka ti èèyàn mẹ́jọ. Ó mọ ti aṣọ́lé nítorí okùn rẹ̀ pupa, ó mọ ti balógun nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tóbi. Ẹ̀rín ń ti inú ilé bọ̀, irú ẹ̀rín tí kò gbọ́ rí ní yàrá tí wọ́n ti ń múra ìdíje. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó wa mọ́tò lọ sílé, kò sì lè jẹun.

Ó ránṣẹ́ pe Tíṣà sí ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò ní kó jókòó.

"Ṣé o fẹ́ gba ikọ̀ mi mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

"Rárá o, bọ̀dá mi. Ohun tí wọn ò lè bi kóòṣì ni wọ́n ń wá bi mí."

"Má ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ́."

Tíṣà ní òun ti gbọ́. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tún dé, ojú fèrèsé ló ti bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbá góòlù mẹ́rin sáwọ̀n Ikọ̀ Káfíńtà, kò sì sí ẹyọ kan tí wọ́n rí dá padà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Alága kọ lẹ́tà, ó ní iṣẹ́ Onísúùtì ti parí. Dírẹ́bà ló fi rán. Òun fúnra rẹ̀ ò lè dojú kọ ọ́.

Gbogbo èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, pé Tíṣà ló kàn. Alága ní òun fúnra òun ni yóò máa darí wọn. Ó ra fèrè, ó dúró lẹ́bàá pápá, ó ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n fìdí rẹmi nínú ti àkọ́kọ́. Nínú èkejì, bó ṣe ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ní àárín eré, ó rí i pé ojú wọn ń gba èjìká òun kọjá. Ó yíjú. Ìlà kẹta ni wọ́n ń wò. Tíṣà náà ti rí i pé òun ni wọ́n ń wò. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó dìde, ó sì jáde ní pápá kí wọ́n má bàa rí ẹni wò mọ́.

Ìyẹn ló dun Alága jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó ti múra ìjà láti kékeré, ẹni tó fẹ́ bá jà ò sì tilẹ̀ wá sójú ìjà. Wọ́n tún fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà. Ìdíje méje ló kù, ìdí tábìlì líìgì ni wọ́n sì wà.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé tí Onísúùtì gbà. Ó ní òun wá tọrọ àforíjì nítorí lẹ́tà yẹn, pé kò yẹ kóun fi dírẹ́bà rán an. Ọkùnrin náà ń di ẹrù. Súùtì kọ́ ni ó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì kéré lójú ju bí Alága ṣe rò lọ. Ó gba àforíjì náà, ó fún un ní àga. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Alága, ọjọ́ tí ẹ wá gbà mí síṣẹ́, ẹ ò bi mí bí mo ṣe ń kọ́ èèyàn ní bọ́ọ̀lù. Ẹ bi mí bóyá mo mọ àbúrò yín. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ojú ẹsẹ̀ lẹ bọ̀ mí lọ́wọ́."

Alága fẹ́ jiyàn. Ó ronú padà sí ọjọ́ náà, sí yàrá tí wọ́n jókòó sí, ó sì rí i pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó bá a gbé àpótí rẹ̀ dé inú mọ́tò, ó kí i pé ó dàbọ̀.

Kò yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìwé ló gbà lọ. Tíṣà wà lórí pápá, ó ń ka iye ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin fò. Ó ní kí wọ́n lọ mu omi, ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ igi. Alága kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ló bá sọ ọ́ ṣàkó.

"Mò ń jowú rẹ."

"Mo mọ̀, bọ̀dá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kí ni kí n sọ? Ẹ̀gbọ́n mi ni yín."

Alága wá bèèrè bóyá yóò gba ikọ̀ náà. Tíṣà ní òun á gbà á, ṣùgbọ́n òun ò ní fi àwọn ọmọ ilé ìwé òun sílẹ̀. Ó ní òun nìkan ni yóò máa yan ẹni tó máa gbá, pé ẹ̀gbọ́n òun ò sì gbọ́dọ̀ wọ yàrá tí wọ́n ti ń múra. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí gún Alága lọ́kàn. Ó gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ. Ó ní òun lòun ṣe àṣìṣe, kì í ṣe Onísúùtì, kì í sì í ṣe àwọn. Ó ní Tíṣà lọ̀gá wọn báyìí. Ayọ̀ wọn pọ̀ débi pé ó dùn ún, ó sì jáde kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀.

Tíṣà dá balógun padà sẹ́yìn. Ó ní kí aṣọ́lé máa gbá bọ́ọ̀lù bó ṣe mọ̀ ọ́n gbá. Nínú ìdíje méje yẹn, wọ́n borí nínú mẹ́rin, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, góòlù kan ṣoṣo ló sì gbà wọ́n lọ́wọ́ jíjá sí ìpele ìsàlẹ̀. Òdìkejì pápá ni Alága ti wo gbogbo rẹ̀, láàárín àwọn káfíńtà rẹ̀. Bí àwọn òǹwòran bá ń fi orúkọ Tíṣà kọrin, á pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í la ẹnu kọ ọ́.

Lẹ́yìn ìdíje tó kẹ́yìn, akọ̀ròyìn rédíò kan na ẹ̀rọ sí i lẹ́nu, ó bi í pé ta ló mú àbá Tíṣà wá. "Èmi ni" ti dé etí ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Gbogbo èèyàn ló ti ń sọ ọ́ fún mi," ló wí. "Èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́."

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó bi í bóyá ó ṣì ń dùn ún. Alága bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní ó ń dùn òun, pé bóyá ló máa tán. Ó wá bèèrè ọjọ́ tí Tíṣà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì fún sáà tuntun, pé òun fẹ́ tún àwọn ìjókòó ìlà kẹta ṣe kó tó dìgbà náà, nítorí méjì nínú wọn ti ń mì.