Fídíò Híjáàbù Aláwọ̀ Ewé

Èmi ni mo pa á rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ mi ní Àgùdà nígbà náà ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò polówó ọjà lórí ayélujára. Àlàájà kan tó ń rán híjáàbù ní Pápá Àjàó wà lára wọn. Ọmọbìnrin ẹ̀ kan ṣoṣo ló bá wa ṣe fídíò. Ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fọ̀ ọ́ títí, àwọ̀ ẹ̀ kì í ṣí." Mo gbé e fún ètò kọ̀ǹpútà kan tó máa ń fúnra ẹ̀ yan àwọn tó máa rí ìpolówó. Bí èèyàn bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń gbé e kiri tó. Tèmi ni kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Mo ṣe é fún oṣù kan, lọ̀lẹ bá dé. Ohun tó ń lọ dáadáa, kí ni mo tún fẹ́ wò níbẹ̀?

Ọmọ yẹn ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́ta, ó kú. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Bí a ṣe dé láti itẹ́ òkú, bàbá ẹ̀ ní kí gbogbo wa yọ fóònù, ká pa àwòrán àti fídíò ọmọ náà rẹ́, ká má fi òkú ṣe ìran wò. Àlàájà pa tiẹ̀ rẹ́ níṣojú wa. Èmi náà pa tèmi rẹ́. Ìpolówó ò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi.

Ó ṣì ń lọ lórí ayélujára. Àwọn tó mọ ọmọ náà ń rí i, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ rò pé ọjà ló ń tà, ó bá gbé e yí gbogbo Múṣín ká.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, bàbá ọmọ náà pè mí sí kọ̀rọ̀, ó na fóònù sí mi. Ọmọ ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn bi mí bóyá mo ti bímọ rí. Ojú tì mí, inú ara mi bí mi. Mi ò kàn dá ìpolówó náà dúró, mo pa á rẹ́ tòun ti fídíò. Ètò náà bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ò bi ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn àdúrà, Àlàájà pè mí wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó ní láti ọjọ́ kẹta lòun ti ń rí ìpolówó náà, pé inú ṣọ́ọ̀bù yẹn lòun máa ń wá jókòó sí láti tẹ̀ ẹ́ léraléra, òun ò sì sọ fún ọkọ òun. Láàárọ̀ yìí lòun wá a tì.

"Mo ti pa tèmi rẹ́ nítorí bàbá ẹ̀," ó ní. "Jọ̀ọ́, tan tọwọ́ ẹ fún mi. Kì í ṣe ojú ẹ̀. Ohùn ẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo tú fóònù, mo tú kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ mò ń tú u, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa gbójú sókè. Àlàájà fa àga, ó jókòó tì mí, ó ń dúró dè mí.